Gáùn Tí A Kì Í Jókòó Nínú Rẹ̀

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ gbogbo ọmọ tó wà nílé-ìwé aládàáni orí òkè yẹn, ẹ má wulẹ̀ da ọ̀gá ilé-ìwé láàmú. Ọ̀gá ò mọ̀ wọ́n tó télọ̀ wọn. Ọdún kọkànlá rèé tí obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Yunifọ́ọ̀mù ti ń rán aṣọ wọn, nínú yàrá kan ṣoṣo, ẹ̀rọ ìránṣọ lábẹ́ fèrèsé, bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn kọ́tìnì. Ó mọ èyí tí èjìká rẹ̀ ọ̀tún rẹlẹ̀ ju tòsì lọ. Ó mọ èyí tí ikùn rẹ̀ máa ń yọ síwájú lẹ́yìn gbogbo ìsinmi, ó sì mọ èyí tó ń jẹ kọ́là aṣọ rẹ̀ bí ewúrẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò rí ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn rí. Orúkọ àti ìwọ̀n ni wọ́n máa ń kọ ránṣẹ́ sí i.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé, tí wọ́n bá ti yan àwọn ọmọ tuntun tán, akọ̀wé ilé-ìwé á gbé ìwé orúkọ wọn sọ̀kalẹ̀ wá fún un, kí aṣọ lè ti délẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà ń tó tẹ àwọn òbí lọ́wọ́. Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn olówó á máa sáré sókè sódò, oorun ò ní kùn wọ́n, obìnrin kan tó ń tẹ ẹ̀rọ lábẹ́ fèrèsé sì ti mọ ẹni tó wọlé àti ẹni tí kò wọlé. Lọ́dún kan, ìyàwó ọlọ́kọ̀ ńlá kan wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun yọjú wo ìwé náà, ìṣẹ́jú kan péré. Ìyá Yunifọ́ọ̀mù gbé ìwé sórí àga, ó jókòó lé e, ó ní, "Ìwé wo ni, mà? Mi ò rí ìwé kankan níbí." Ó jókòó lé e títí obìnrin náà fi bínú lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà. Bàbá ọmọ wa ọkọ̀ jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun ń bọ̀. Ó ṣì ń bọ̀ náà nìyẹn. Ọmọ náà ní orúkọ gidi o, ṣùgbọ́n Òpó ni gbogbo ayé ń pè é. Láti ìgbà tó ti pé ọdún mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ ti ń fi aṣọ àwọn ọmọ ọlọ́mọ wọ̀ ọ́, kó lè wo ibi tó fún àti ibi tó ṣò. Á gbé e dúró sórí tábìlì, á ní, "Na apá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Má mì. Má sọ̀rọ̀. Má jókòó, ó máa rún. Má fọwọ́ kan nǹkan kan, aṣọ ọmọ ẹlòmíì ni." Lẹ́yìn náà ni yóò wá fi píìnì há ẹnu, yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá mì, píìnì á bá a sọ̀rọ̀. Píìnì bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, èdè náà yé e, kò mì mọ́. Bí eṣinṣin bá bà lé e nímú, eṣinṣin ni nǹkan máa kọ́kọ́ sú.

Bàbá Aránbàtà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan tiwọn, yọjú wò ó lọ́jọ́ kan. "Háà! Ìyá Yunifọ́ọ̀mù, ṣé ọmọ lẹ bí ni àbí òpó ilé?" Orúkọ bá mọ́ ọn lára láti ọjọ́ náà. Inú ìyá rẹ̀ a máa dùn sí i, a sì máa fi yangàn. Ọmọ ta ló tún gbọ́ràn tó báyìí ní gbogbo àdúgbò?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Òpó ṣe mọ̀wé fún yín. Gbogbo gáùn ilé-ìwé yẹn ló ní ègé aṣọ funfun kan lẹ́yìn ọrùn, tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí. Òpó ló máa ń to àwọn orúkọ náà fún ìyá rẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ bákan náà á wà lójú kan, títí lẹ́tà fi yé e. Kò tíì pé ọdún márùn-ún tó fi ń ka orúkọ ọmọ olówó geerege. Ní ilé-ìwé ọ̀fẹ́ tó ń lọ nísàlẹ̀ àdúgbò, ọmọ mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ló wà ní kíláàsì, tíṣà kan. Ẹni tó bá pẹ́ dé, ilẹ̀ ni àga rẹ̀. Tíṣà náà fúnra rẹ̀ ló pe ìyá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá, ẹ wá nǹkan ṣe sọ́rọ̀ ọmọ yìí. Gbogbo ìwé tí mo ní ló ti kà tán, ara páálí ṣọ́ọ̀kì ló kù tó ń kà. Bó bá pẹ́ lọ́dọ̀ mi níbí, iná ojú ẹ̀ yẹn á kú. Mo ti rí i lójú àwọn mìíràn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ obìnrin yìí lára, kò sì jáde mọ́.

Kì í ṣe ibi tí ẹni tó ń gbé yàrá kan máa ń na ọwọ́ sí ni ilé-ìwé orí òkè. Àmọ́ ọdọọdún ni wọ́n ń fi àyè kan ṣoṣo sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọmọ òṣìṣẹ́ wọn. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ló gbà á. Lọ́dún yìí, kò sí òṣìṣẹ́ mìíràn tó ní ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe déédéé. Ọmọ ọdún mẹ́fà nìkan ni wọ́n sì ń gbà síbẹ̀, wọn kì í gba ọmọ ọdún méje. Ìyẹn ni pé bí ti ọdún yìí bá fo Òpó dá, ó ti fò ó dá nìyẹn, kò tún sí òmíràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé ni Ìyá Yunifọ́ọ̀mù àti Bàbá Aránbàtà jókòó ti fọ́ọ̀mù ilé-ìwé náà. Orúkọ òbí, ó kọ ọ́. Iṣẹ́ òbí, ó kọ "Aránṣọ ilé-ìwé yìí," ó sì fa ilà sábẹ́ rẹ̀ kó lè hàn. Ó wá kan ibi tí wọ́n ti ní, "Sọ fún wa nípa ọmọ rẹ." Kò tiẹ̀ ronú. Ó kọ ọ́ gàdàgbà pé: Àyà, ínṣì mẹ́tàlélógún. Ìbàdí, ínṣì mẹ́rìnlélógún. Èjìká dé orúnkún, ínṣì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Bàbá Aránbàtà kà á, ó rẹ́rìn-ín títí gọ́ọ̀mù ìdí bàtà fi gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. "Ìyá Yunifọ́ọ̀mù! Ṣé wọ́n fẹ́ rán aṣọ fún un ni? Ìwà ẹ̀ ni wọ́n ń béèrè!"

"Ìwà ẹ̀ kẹ̀? Kí wá ni kí n kọ?"

"Ohun tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ."

Ó ronú títí. Ó fagi lé gbogbo ínṣì náà, ó wá kọ ọ̀rọ̀ kan sábẹ́ wọn: Ó gbọ́ràn. Ó wò ó, kò tó lójú rẹ̀, ó fi "gan-an ni" kún un.

Màdáámù, ọ̀gá ilé-ìwé, ka fọ́ọ̀mù náà lójú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ọdún mọ́kànlá kì í ṣe ọjọ́ kan, pé òṣìṣẹ́ àwọn ni í ṣe, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ohun kan ló kù. Kí ó mú ọmọ wá ní Ọjọ́bọ̀, kí òun àti àwọn ọmọ mìíràn jọ ṣeré fún wákàtí kan lójú tíṣà méjì. "Kò sí nǹkan tó le níbẹ̀, Ìyá. A kàn fẹ́ wo bó ṣe ń ṣeré ni."

Eré! Ìyá Yunifọ́ọ̀mù sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀. Ọmọ wo ni ò mọ eré ṣe?

Ibi tí nǹkan ti wọ́ rèé. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí obìnrin yìí ti ń kó ìrépé aṣọ yunifọ́ọ̀mù jọ sínú àpò kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò jí i o. Àwọn ará ilé-ìwé náà fúnra wọn ló ní kó máa mú àgékù. Nígbà tí fọ́ọ̀mù wọlé, ó da àpò náà sílẹ̀, ó sì fi ìrépé mọ́kàndínlógún rán gáùn kan fún Òpó. Ó fi ojú rírán kan pamọ́ sábẹ́ ìṣẹ́po, òmíràn sábẹ́ àpò, òmíràn sábẹ́ bẹ́líìtì. Bí ẹ kò bá jẹ́ télọ̀, kò sí bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe odidi aṣọ ni wọ́n gé. Ó kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ gangan sára ègé aṣọ funfun, ó rán an mọ́ ẹ̀yìn ọrùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Òpó máa rí orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó kà á lákàtúnkà.

"Ẹ ò ṣe dúró kí wọ́n kọ́kọ́ mú un ná?" Bàbá Aránbàtà ló béèrè. "Wọn ò tíì bí ọmọ, ẹ ti ń sọ ọ́ lórúkọ."

"Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, Bàbá. Bí wọ́n bá ti rí i nínú ẹ̀, wọ́n á rí i pé ó ti di tiwọn."

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó gbé Òpó sórí tábìlì, ó fi gáùn náà wọ̀ ọ́, ó fa kọ́là rẹ̀ gún. Ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bó ṣe ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́ta, òun gan-an ò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. "Dúró dáadáa. Má jókòó o, ó máa rún. Má fọwọ́ kan nǹkan kan." Òpó mi orí pé òun gbọ́. Wọ́n jọ gun òkè lọ.

Wọn ò jẹ́ kí òbí wọlé. Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín àwọn ìyá mìíràn, ó ń wo ilẹ̀ tí wọ́n nù tó ń dán, ó ń gbọ́ tí àwọn ọmọ ń pariwo lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí wákàtí kan pé, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ tú jáde, ọ̀dà pupa lọ́wọ́ èyí, ọ̀dà àwọ̀ ewé lójú tọ̀hún, iyanrìn nínú irun ẹlòmíì. Àwọn ìyá ń pariwo, "Yéè! Aṣọ tuntun!" Òpó ló jáde gbẹ̀yìn. Kọ́là rẹ̀ funfun báláú. Ìṣẹ́po gáùn gún bó ṣe gún láàárọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Inú ìyá rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ sunkún. "Ọmọ mi! Wò ó, kò rún rárá! O mà ṣe dáadáa o." Ó ń yìn ín bọ̀ láti orí òkè títí dé ẹnu ọ̀nà ilé, Òpó náà sì ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, akọ̀wé gbé ìwé orúkọ dé. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan ni. Nígbà mìíràn, á jókòó, á bu omi mu. Lọ́jọ́ yìí, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá Yunifọ́ọ̀mù gba ìwé náà. Ó yára kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní ojú òun ló fò ó, ó fi ìka tẹ̀lé e ní ẹ̀ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ọgbọ̀n orúkọ. Ti Òpó kò sí níbẹ̀.

"Àǹtí, ọmọ mi dà? Ta ni wọ́n fún láyè ọ̀fẹ́ náà?"

"Wọn ò fún ẹnì kankan, mà. Wọ́n fi sílẹ̀ lásán lọ́dún yìí." Akọ̀wé ń wo ilẹ̀. "Ẹ máa bínú, Ìyá. Àwọn tíṣà ní kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Wọ́n fún un lága, kò jókòó. Wọ́n gbé ọ̀dà síwájú ẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n bi í léèrè orúkọ, kò fọhùn. Nígbà tí tíṣà kan wá súnmọ́ ọn pé kóun fà á lọ́wọ́, ó kàn na apá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ báyìí, ó wá dúró gbọnrangandan. Bó ṣe wà títí wákàtí fi pé nìyẹn. Wọ́n kọ ọ́ pé ọmọ náà ò tíì pọ́n tó ilé-ìwé."

Ìyá Yunifọ́ọ̀mù rí apá méjì nínà lójú ọkàn rẹ̀, ó rí tábìlì, ó rí píìnì. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó yé e lójú ẹsẹ̀. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó jókòó sílẹ̀, kì í ṣe lórí àga.

"Ó mọ̀wé kà," ló wí láti ilẹ̀. "Ó lè ka orúkọ gbogbo ọmọ yín látòkè délẹ̀."

"Ta ló máa mọ̀, mà? Kò la ẹnu."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gun òkè lọ. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, ẹni tí ọmọ rẹ̀ gba àyè ọ̀fẹ́ lọ́dún tó kọjá, ṣí ilẹ̀kùn fún un, kò sì lè wo ojú rẹ̀. Ó ro ẹjọ́ fún Màdáámù lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní ẹ̀bi òun ni, òun lòun sọ pé kó má jókòó, gáùn yẹn ló sọ ọ́ di igi, kí wọ́n jẹ́ kó wá lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú aṣọ ilé. Màdáámù fà á dìde. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀.

"Ó dùn mí, Ìyá. Àmọ́ tí mo bá ṣí tiyín, gbogbo òbí ló máa ní kí n ṣí tàwọn, oníkálukú ló ní ìtàn tiẹ̀. Ohun tí tíṣà méjì bá ti fọwọ́ sí, mi ò lè yí i padà." Ó fa ìwé pélébé kan yọ. "Ọ̀rọ̀ kan tún wà. A fi ọmọ kan kún àwọn tuntun, aṣọ ò sì ní tó. Ẹni tó ń ta aṣọ yunifọ́ọ̀mù fún wa ní ó di oṣù tó ń bọ̀ kí òmíràn tó dé. Gáùn tí ọmọ yín wọ̀ wá yẹn, ó dára púpọ̀. Ẹ bá wa tún un ṣe fún un. Ọmọ tí kì í ṣe tiwa ò kúkú lè máa wọ̀ ọ́ kiri."

Ẹ̀yin lè sọ pé ẹ̀yin ò ní gbà. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Iṣẹ́ orí òkè ló ń bọ́ òun àti Òpó, kò sì ní òmíràn. Àti pé kí ló tún fẹ́ fi gáùn náà ṣe? Ṣé kó so ó kọ́ kó máa wò ó? Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," ó gba ìwọ̀n ọmọ tuntun náà, ó sọ̀kalẹ̀. Bàbá Aránbàtà rí i tó ń kọjá, ó fẹ́ dá àpárá, ó wo ojú rẹ̀, ó sì gbé bàtà tó ń rán sójú dáadáa.

Ní ilé, ó fi ẹnu abẹ́rẹ́ tú orúkọ Òpó kúrò lẹ́yìn ọrùn gáùn, òwú kan lẹ́yìn òmíràn. Ó rọra tú u kí aṣọ má ya. Ó fi píìnì há orúkọ ọmọ tuntun náà síbẹ̀. Àyà bá a mu, ìbàdí bá a mu. Gígùn nìkan ló fi ínṣì kan àbọ̀ ju ti ọmọ náà lọ.

Òpó dé láti ilé-ìwé lọ́sàn-án, erùpẹ̀ ilẹ̀ kíláàsì lẹ́yìn síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó rí gáùn lórí tábìlì. Ojú rẹ̀ tàn. Ó yí ọrùn gáùn náà síta bó ṣe máa ń yí gbogbo wọn, ó kà á. Ètè rẹ̀ mì díẹ̀. Ó bọ́ aṣọ ara rẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó gun orí tábìlì, ó sì na apá rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ fi gáùn náà wọ̀ ọ́, ó kúnlẹ̀ sídìí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kó píìnì sẹ́nu. Ó mú etí aṣọ. Ó tún fi í sílẹ̀. Ó yọ àwọn píìnì náà lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí tábìlì.

"Òpó, kí ló dé tí o ò jókòó lọ́jọ́ yẹn?"

"Ẹ ní kí n má jókòó nínú ẹ̀, Màámi."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n béèrè ohun tó rọrùn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀." Omi ti bọ́ lójú ìyá, kò nù ún. "O ò ṣe nǹkan kan, ṣé o gbọ́? Èmi ni. Ó yá, sọ̀kalẹ̀ wá. Àga rèé. Jókòó."

"Nínú ẹ̀?"

"Nínú ẹ̀. Jókòó, ọmọ mi. Jókòó kó rún."

Òpó wo àga. Ó wo gáùn, ó fi ojú tọ ìṣẹ́po rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó mi orí.

"Rárá, Màámi. Ọmọ tó ni ín ò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó tún apá rẹ̀ nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ dáadáa, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó ń dúró de píìnì.